Làálì Ọdún Lọ́wọ́ Ọmọ Tó Ń Lọ Sí Iṣẹ́ Ológun Òfúrufú

Kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá jọ ti inú ìwé yín, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi kì í ṣe tíṣà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ sọ, òun àti iṣẹ́ ológun òfúrufú tó gba gbogbo ilé wa kan lọ́dún tó kọjá. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gémù ló wà lójú ẹ, o ò rí ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́.

Ẹni tó bá ti dé Al Qusais, àdúgbò wa nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, mọ̀ pé bàálù kì í jìnnà síbẹ̀. Orí ilé wa ni wọ́n ń gbà lọ balẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ débi pé á fẹ́ máa ṣe èèyàn bíi pé kó juwọ́ sí wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti wá bá ìyá yín wẹ ọmọ, àyà mi máa ń já. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni ọmọ tí mo wá wẹ̀ nígbà náà. Kò tíì rìn tó ti ń nàka sókè bí bàálù bá ń kọjá. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, bí mo bá ń rẹ́ ilá, á dúró ti fèrèsé, á ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ìyẹn, ohùn ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò dà bíi ti àkọ́kọ́." Èmi á ní ohùn kan náà ni mo gbọ́, kó jẹ́ kí n rẹ́ ilá mi.

Bàbá yín, ìyẹn ọmọ mi, ń tú mọ́tò ní Industrial Area ní Sharjah, ìlú tó wà nítòsí wa. Mọ́tò tó bá ti forí gbá ni wọ́n ń rà, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á kó ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀kùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, ẹ̀gbọ́n rẹ á tẹ̀lé e lọ. Á bọ̀ nílé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, ìyá rẹ̀ á pariwo pé ta ló máa fẹ́ ọmọ tó ń rùn bí bẹntiróòlù. Ọmọ náà á gbóòórùn ara rẹ̀, á ní, "Mọ́mì, dísẹ́ẹ̀lì ni, kì í ṣe bẹntiróòlù."

Nígbà tó parí sẹ́kọ́ńdírì, bàbá yín wá iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní Deira, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Kó jókòó níwájú, kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn, kí éèsì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i. Inú bàbá yín dùn sí iṣẹ́ yẹn bíi pé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, tí wọ́n ti kírun dé, tí a ń jẹun, ẹ̀gbọ́n rẹ ṣàdéédé ní:

"Dádì, mi ò lọ sí Deira. Mo fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun òfúrufú nílé."

Bàbá yín gbé ẹran ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. "Ológun kí ni?"

"Òfúrufú, sà."

"Nàìjíríà tí a ń gbọ́ ìròyìn ìbọn lójoojúmọ́! Ọmọ obìnrin! Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò ní mo fẹ́ lọ yìnbọn. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún bàálù ṣe."

"Tún mọ́tò ṣe! Ṣé mọ́tò tán ní Sharjah ni?"

"Mọ́tò yín ni mo ti tú tán, sà."

Ìyá rẹ̀ gbá a nítan, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa obìnrin náà. Èmi, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó bá wọ iṣẹ́ yẹn, àfi kó wa bàálù tàbí kó gbé ìbọn, kò sí ìkẹta.

Bàbá yín ṣe ọgbọ́n kan. Bàbá kan wà tó ń bójú tó àwọn sikiúríìtì ní wiáháòsì, ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí, tó wà lẹ́yìn ilé wa, ará Ìlọrin ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ológun òfúrufú nílé títí tó fi fẹ̀yìn tì kó tó wá síbí, Sájẹ́ntì ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá yín pè é wá mu tíì, kó lè bá wa dẹ́rù ba ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni bàbá yín wí fún un, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ iṣẹ́ yẹn fún ọmọ yìí."

"Òótọ́ lẹ fẹ́?" Sájẹ́ntì kọjú sí ọmọ náà. "Wọ́n á jí ẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wàá sáré títí ẹsẹ̀ ẹ á fi dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Bí o bá sunkún, wọ́n á ní kó o dúró ṣánṣán sunkún, kó o má tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oúnjẹ tí wọ́n bá fún ẹ lo máa jẹ."

Bàbá yín ń mi orí, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́wàá ti sẹ́kọ́ńdírì nìkan ni mo gbé wọlé," Sájẹ́ntì ń bá a lọ, "mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà iná ilé. Àwọn ló kọ́ mi ní iná inú bàálù. Wọ́n fi mí sílé ìwé lórí owó oṣù, wọ́n tún rán mi lọ kọ́ ọ sí i lókè òkun. Ẹni tó ń wa bàálù lẹ máa ń rí. Ẹ ò rí ogunlọ́gọ̀ tó wà nílẹ̀ kó tó gbéra. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń wo ojú sánmà tí wọ́n á ní òjò ń bọ̀. Dókítà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, tíṣà, gbogbo wọn ló wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, ẹnu iṣẹ́ ló ti ka yunifásítì. Lónìí, bí mo bá rí i, èmi ni màá kí i bí ọ̀gá."

Mo bi í pé, "Àwọn obìnrin ńkọ́?"

"Ìyá, obìnrin ń wa bàálù ogun níbẹ̀ báyìí."

Bàbá yín gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí pé iṣẹ́ yẹn le!"

"Ó le. Mi ò sọ pé kò dáa."

Bí Sájẹ́ntì ṣe ba ète bàbá yín jẹ́ nìyẹn, tó tún bu ṣúgà sí tíì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ọmọ mi sí bákónì níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Mo ní, "Nígbà tí bàbá rẹ kú, ìwọ nìkan ni ọkùnrin tó kù fún mi. Ìwọ lo wá ní o fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Gbogbo agbo ilé ní kí n má gbà. Mi ò mọ ibi tí Sharjah wà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹ èèyàn níbẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Má bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó o lọ, àbí n kò jẹ́ kó o lọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ, mà."

"Bàbá tèmi ò jẹ́ kí n lọ. Ilé ìwé wà lẹ́yìn ilé wa l'Abẹ́òkúta, à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé, èmi sì wà nídìí ìkòkò aró. Ó ní obìnrin tó bá kàwé, lẹ́tà ló máa máa kọ sí ọkùnrin. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n kọ sára nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń bi. Ìjọba ní àwọn máa kọ́ ọmọ rẹ, àwọn máa fún un lówó, àwọn máa fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ìwọ wá ní kò gbọ́dọ̀ lọ."

Ó mú aṣọ kan, ó bá mi sá a. Ó wá ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màámi."

Mo ní, "Èmi náà, ẹ̀rù bà mí. Mo ṣì gbé báàgì rẹ dé gáréèjì."

Ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ náà máa gbìyànjú. Bí wọ́n bá dá a padà níbi àyẹ̀wò, khalas, ó parí nìyẹn, iṣẹ́ Deira ni yóò lọ ṣe, kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ bàálù mọ́ nínú ilé yìí. Ọmọ náà ní òun gbà. Ó fi orúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó yá wọ́n pè é fún àyẹ̀wò nílé, lókè Ọya, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá.

Sájẹ́ntì ló ń mú un sáré. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, á ti dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Ooru ibí yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í dúró de oòrùn. Ọmọ náà á sáré gba iwájú àwọn wiáháòsì, á yí padà, á tún lọ. Àwọn ọkùnrin ará Bangla tó ń dúró de bọ́ọ̀sì iṣẹ́ á máa pariwo "Yalla! Yalla!", ìyẹn ó yá, ó yá, fún un, títí tó fi di pé bí kò bá tètè jáde, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà wa. Mo máa ń gbé omi dúró dè é. Lákọ̀ọ́kọ́, á dé, á dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì bí aṣọ tútù. Nígbà tí oṣù Iléyá fi máa dé, á gba omi lọ́wọ́ mi, á mu ún lórí ìrìn, á padà lọ.

Iléyá wá dé. Inú ìyá yín dùn dé àyè kan tó léwu. Ó ní ọmọ òun ò ní í lọ sí àárín èèyàn bí ẹni tí kò nílé, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnì kan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó mú un lọ sí Rolla ní Sharjah lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lé làálì, tí àwọn obìnrin tò dé ìta. Wọn ò lé làálì pupa tí èmi mọ̀. Dúdú ni wọ́n lé fún un, èyí tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn kó má baà tètè ṣí. Ewé àti òdòdó, láti ọmọ ìka kọjá ìgúnpá. Nígbà tí wọ́n dé, mo di ọwọ́ náà mú, mo ní ká ya fọ́tò rẹ̀. Ó rẹwà. Kò sẹ́ni tó rò ó kọjá ẹwà nínú gbogbo wa.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, Sájẹ́ntì wá jẹ ẹran. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó na abọ́ sí i. Ọkùnrin náà ò gba abọ́. Ọwọ́ ló ń wò.

"Kí lèyí?"

"Làálì ọdún ni, sà."

"Lójú ẹ nìyẹn. Lójú ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tatú ni. Gbogbo ara ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, wọn kì í gba ẹni tó ya nǹkan sára! Ta ló ní kó o ṣe é? Báwo ló ṣe máa ṣí kó o tó lọ?"

Ọmọ náà gbé abọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ra èkejì. Ìyá yín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Mo ti ba ti ọmọ mi jẹ́. Èmi! Ọwọ́ ara mi!"

Gbogbo wa wá ń wo bàbá yín. Àdéhùn tirẹ̀ ló fẹ́ ṣẹ yìí. Kò ní í ṣe nǹkan kan ju kó jókòó sí àyè rẹ̀, kó máa jẹ ẹran lọ, iṣẹ́ Deira ti dé. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú kó má sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa rántí.

Ó dìde. Ó wọ kíṣìnì lọ. Nígbà tó máa jáde, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, òrombó wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ kejì, ó fi ike iyọ̀ há abíyá.

"Na ọwọ́ ẹ," ló wí fún ọmọ. "Bí wọ́n bá máa dá ọmọ mi padà, kí wọ́n sọ pé kò lè sáré. Wọn ò ní í dá a padà nítorí òdòdó."

Kọ ìyẹn dáadáa. Bí kò bá yé ẹ, bi mí.

Òrombó kò ṣe é. Iyọ̀ kò ṣe é. Ìyá yín mú ìpara tí wọ́n fi ń fọ eyín wá, kò ṣe é. Ni mo bá ní kí wọ́n dúró ná. Nígbà tí mo wà nídìí aró, ọwọ́ wa máa ń dúdú dé ìgúnpá, bẹ́ẹ̀ bí ìgbéyàwó bá dé, ọwọ́ ìyàwó máa ń mọ́. Aṣọ ni wọ́n máa ń fún un fọ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ, kó máa fọ aṣọ láti àárọ̀, kí awọ òkè máa bá ọṣẹ lọ.

Ilé wa ò ní aṣọ tó tó bẹ́ẹ̀. Ìyá yín kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì-ìpéèsì lókè wa, tí kálukú ń san owó ibùsùn kan péré, kó aṣọ iṣẹ́ tí gíríìsì ti gbẹ mọ́ sọ̀kalẹ̀, ojú ń tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kó o wá. Obìnrin ará Kerala tó kọjú sí wa gbé kápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin ará Íjíbítì gbé kọ́tìnì gbogbo ilé rẹ̀, ó ní ṣé a óò bá òun fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ilé ìwẹ̀ wa ò ṣe é wọ̀ mọ́.

"Màmá," ẹ̀gbọ́n rẹ kígbe láti inú ìhó ọṣẹ, "ológun ni mo fẹ́ ṣe àbí alágbàfọ̀?"

"Fọ̀ ọ́!"

"Kápẹ́ẹ̀tì yìí wúwo ju èmi lọ!"

Sájẹ́ntì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dáadáa ni. Apá náà nílò ẹ̀."

Títí tó fi máa wọ bàálù, apá ti mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n orí ìka àti èékánná kọ̀, wọ́n pọ́n bí ẹni tó bọ epo. Ìyá yín ra ìbọ̀wọ́ fún un, Sájẹ́ntì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Má fi nǹkan kan pamọ́. Bí wọ́n bá bi ẹ́, sọ bó ṣe jẹ́, kó o dúró gbọnin."

Ó lọ. Wọ́n gba fóònù gbogbo wọn níbi àyẹ̀wò, a ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá yín tú ẹ́ńjìnnì kan lọ́sẹ̀ yẹn, ó tò ó padà, ó tún tú u. Ará Pakistan tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kó lọ sílé.

Nígbà tó pè, ilé àǹtí rẹ̀ n'Ìbàdàn ló wà. Ó ní àwọn débi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, nọ́ọ̀sì di ọwọ́ òun mú, ó ní kí òun bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun dúró sínú oòrùn, gbogbo àwọn obìnrin tó kù kọjá, wọ́n lọ sáré, wọ́n sáré tán. Òun rò pé ó ti parí. Ọ̀gá obìnrin kan tó ti ń hu ewú wá jáde, ó fi òwú àti sípíríìtì ra orí ìka òun.

"Kí lèyí?"

"Làálì ọdún ni, mà. Ìyá mi ló mú mi lọ lé e, torí pé mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kò mọ̀. Ó ń ṣí lọ."

"Kí ló dé tí apá ẹ fi bó báyìí?"

"Aṣọ ni mo fọ̀, mà. Mo fọ aṣọ gbogbo ilé wa. Mo fọ kápẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin náà ò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ wọn lókè Ọya, ta ni ò mọ làálì? Ó wo ọwọ́, ó wo ojú. Ìgbà tó gbọ́ kápẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rín gbé e. Ó ní làálì ni lóòótọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n gún sára, kí òun bọ́ sí pápá. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti sáré tán. Àwọn ọkùnrin ló kù.

"Ìwọ wá ṣe báwo?" mo bi í.

"Mo bá wọn sá a, Màmá."

"Àwọn ọkùnrin?"

"Mo já ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ooru yẹn ò tó ti Al Qusais."

Bàbá yín ní kó tún ibẹ̀ sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

A wá ń retí àbájáde. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ ni pé sísáré kọ́ ni gbígbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sáré. Ìyá yín ò lé làálì fún ara rẹ̀ mọ́, kò sì wí pé ìdí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan èmi àti bàbá yín wọ métírò lọ sí Deira. O mọ bí wọ́n ṣe pín in, iwájú lọ́hùn-ún ni tàwọn obìnrin, wọ́n fi ìlà píǹkì sí ilẹ̀, ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Mo jókòó sí tiwa, bàbá yín dúró sí ẹ̀yìn ìlà tirẹ̀. Fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Orúkọ òun ti jáde. Wọ́n ti gba òun. Bí wọ́n bá ti kọ́ wọn ní ìwọ́de àti àṣẹ tán, ilé ìwé àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe ni wọ́n ti kọ orúkọ òun mọ́.

Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde. Mi ò mọ̀ pé mo ti pariwo "Allahu Akbar" nínú ọkọ̀ àwọn èèyàn.

"Màámi, kí ló wí?" bàbá yín ń na ọrùn. "Màámi! Kí ló wí?"

"Wọ́n ti mú un! Ẹ́ńjìnnì! Wọ́n fi í sí ẹ́ńjìnnì!"

Ọkùnrin náà kọjá ìlà. Ó rìn wọ àárín àwọn obìnrin bí ẹni tó wọ yàrá ara rẹ̀. Obìnrin Filipínì kan nàka sílẹ̀, "No, sir! Ladies, ladies!" Bàbá yín wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fò padà sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná. Gbogbo obìnrin inú ọkọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Mo na fóònù sí i, mo tẹ ibi tí ohùn á fi jáde sí gbangba kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó na etí.

Gbogbo àdúrà tó yẹ kí bàbá ṣe wà nínú rẹ̀, mo rí i. Ohun tó jáde ni:

"Ṣé wọ́n á máa fún ẹ lóúnjẹ dáadáa níbẹ̀?"

"Dádì! Wọ́n ní mo máa tún bàálù ṣe!"

"Mo gbọ́. Mo ní ṣé wàá yó?"

"Màá yó, sà."

"Kó o jẹun. Bàálù wúwo."

Filipínì náà bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èmi tí n kò gbọ́ òyìnbó, mo nàka sókè, mo fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń yí sípánà, mo wá lu àyà mi pé tèmi ni. Ó yé e. Ó pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù bá a pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ dúró ní Deira, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn èèyàn sọ̀, àwọn èèyàn wọlé, ilẹ̀kùn padé. Ọmọ mi ṣì bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ìlà rẹ̀, ó ń bi ọmọ rẹ̀ irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n á kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, mi ò sì sọ fún un pé a ti kọjá ibi tí à ń lọ.